Bí Ẹ Ṣe Lè Pọn Bíà Àlìkámà Onímáńgòrò Nílé, Kó sì Ní Adùn Bàbá Dúdú

Bàbá dúdú kò ju àgbọn àti ṣúgà tí iná ti pa láró lọ. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti jẹ ẹ́ rí, òórùn rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ dá mọ̀. Òórùn yẹn, pẹ̀lú ti máńgòrò tó pọ́n dénú, ni mo fẹ́ kí a fi sínú bíà àlìkámà: bíà tó rọ̀ lẹ́nu, tí ojú rẹ̀ kò mọ́ gaara, tí kò korò púpọ̀, tí ẹ lè gbé ka iwájú àlejò lẹ́yìn oúnjẹ ọjọ́ Àìkú. Lítà mẹ́wàá la ó pọn. Ìkòkò ńlá kan àti iná gáàsì kan tó o.

Kí a tó dáná, ohun kan wà tí mo fẹ́ kó yé wa, torí òun ló ń darí gbogbo ìyókù. Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ kí bíà dùn bí ìpápánu, ṣúgà ni wọ́n ń rọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀, oúnjẹ yíìsì ni ṣúgà. Èyí tí ẹ bá rọ́ sí i kí yíìsì tó parí iṣẹ́, yóò sọ ọ́ di ọtí, adùn rẹ̀ á sì pòórá. Èyí tí ẹ bá rọ́ sí i ní àrọ́jù nínú ìgò, yóò sọ ọ́ di gáàsì, ìgò á sì bẹ́. Àwọn apọntí kan lókè òkun máa ń lo lactose, ìyẹn ṣúgà inú wàrà, tí yíìsì kò lè jẹ. Èmi kò ní kí a lò ó, torí wàrà kì í bá ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wa lára mu, inú wọn á máa kùn. Òórùn la ó lò: máńgòrò, àgbọn yíyan, ṣúgà sísun àti fànílà díẹ̀. Bí imú bá ti gbọ́ òórùn wọ̀nyí, ẹnu á gbà pé nǹkan dídùn ló dé.

Ohun tí ẹ máa wá

Àlìkámà, kílò 1
Ọkà bálì híhù, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́, kílò 1.3
Hops (òdòdó gbígbẹ tó ń mú bíà korò), gíráàmù 12
Yíìsì Voss kveik, ìdajì páálí gíráàmù 11
Máńgòrò, bíi kílò 2.5 kí a tó bó o
Àgbọn rírin, gíráàmù 200
Ṣúgà, gíráàmù 100 fún sísun àti 65 fún ìgò
Fànílà, ṣíbí kékeré kan
Yíìsì búrẹ́dì, ṣíbí kékeré kan

Ní ti irinṣẹ́: ìkòkò tó gba lítà 20, bọ́kẹ́ẹ̀tì onídèérí méjì tó lè gba oúnjẹ (kó má jẹ́ èyí tí wọ́n ti fi po ọ̀dà rí), tẹmómítà, háídrómítà (èyí tó ń fi hàn bí ṣúgà ti pọ̀ tó nínú omi), sìkéèlì kékeré, rọ́bà dírípù láti ilé ìtajà oògùn, rọ́bà gígùn tí a ó fi fa ọtí, àti aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ irú èyí tí wọ́n fi ń sẹ́ ògì, kí a rán an bí àpò ńlá. Ẹ máa rí púpọ̀ nínú wọn ní Dùgbẹ̀. Ọkà bálì, hops àti yíìsì kveik ni ẹ ó ní láti fi ọ̀nà ránṣẹ́ sí, bóyá lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta èèlò ọtí lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí lọ́wọ́ ẹbí tó ń bọ̀ láti òkè òkun. Wọn kì í wúwo púpọ̀, yíìsì gbígbẹ sì ń pẹ́ nínú fíríìjì.

Àlìkámà tí wọ́n ń wọ̀n ní kóńgò ní Bódìjà fún àwọn tó ń rò ó jẹ dára fún iṣẹ́ yìí. Kò pọn dandan kó jẹ́ èyí tó ti hù. Bálì ló gbọ́dọ̀ jẹ́ híhù, torí inú rẹ̀ ni ẹ́ńsáìmù tó ń sọ sítáàṣì ọkà di ṣúgà wà, tiẹ̀ sì pọ̀ tó láti ṣe ti àlìkámà pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ ọkà híhù kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn ìyá tó ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ń rẹ àgbàdo, wọ́n ń jẹ́ kó hù, wọ́n á sá a kó gbẹ, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́.

Ẹnì kan lè béèrè pé ṣé ọkà bàbà híhù kò lè rọ́pò bálì. Lóòótọ́, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó bálì híhù wọ̀lú ní 1988, ọkà bàbà àti àgbàdo ni àwọn iléeṣẹ́ ọtí ńlá sá tọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹ́ńsáìmù tí wọ́n ń rà lọ́tọ̀, wọ́n sì ní ẹ̀rọ. Sítáàṣì ọkà bàbà ń fẹ́ ooru tó ju ti bálì lọ kó tó rọ̀, ooru yẹn sì lè ti pa ẹ́ńsáìmù rẹ̀ kó tó débẹ̀. Nínú ìkòkò kan ṣoṣo nílé, ẹ kúkú wá bálì.

Ẹ gbé ọkà méjèèjì lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ tó ń lọ èlùbọ́. Ẹ má gbé e lọ sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata o, torí òórùn ata kì í kúrò lára irin. Ẹ sọ fún un kó tó tan ẹ̀rọ: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó kúnná o, kó kàn fọ́ ni." Ohun tí a fẹ́ ni kí hóró kọ̀ọ̀kan fọ́ sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bó bá di ìyẹ̀fun, yóò dì mọ́ aṣọ, omi kò sì ní ráyè jáde.

Ọ̀rọ̀ yíìsì àti ooru Ìbàdàn

Ibí ni ọ̀pọ̀ ìwé ìtọ́sọ́nà òyìnbó ti máa ń ṣi wá lọ́nà. Yíìsì tí àwọn ará Jámánì fi ń pọn bíà àlìkámà fẹ́ràn bíi 18 sí 22°C. Níbẹ̀ ló ti ń mú òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ti kànáfùrù jáde. Gbé e sínú yàrá tó jẹ́ 30°C, ọtí líle tó ń ta ọ̀nà ọ̀fun ni yóò mú wá. Nínú ọyẹ́, a lè fi agbada omi àti aṣọ tútù tù ú lójú. Ṣùgbọ́n máńgòrò kì í so nínú ọyẹ́. Láti oṣù kẹta sí oṣù kẹfà ló ń kún ojú ọ̀nà, ìgbà tí ooru ń mú jù tí iná mànàmáná kò sì ṣeé gbọ́kàn lé.

Ìdí nìyẹn tí mo fi yan kveik. Yíìsì àwọn àgbẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Nọ́wè ni, tí ìdílé ń fi lé ìdílé lọ́wọ́. Èyí tó ti agbègbè Voss wá lè ṣiṣẹ́ láti 25 dé 40°C láìba ọtí jẹ́, òórùn ọsàn ló sì ń mú wá, èyí tó bá máńgòrò mu gan-an. Ooru tí ń lé yíìsì Jámánì sá ni kveik ń fẹ́. Ẹ ò ní nílò fíríìjì, ẹ ò ní nílò jẹnẹrétọ̀, igun yàrá lásán ti tó.

Ìmọ́tótó

Kí omi ọkà tó hó, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Láti ìgbà tó bá ti tutù, ohunkóhun tó bá fara kàn án gbọ́dọ̀ ti mọ́ tónítóní. Ẹ fi ọṣẹ fọ gbogbo rẹ̀, kí ẹ wá po ṣíbí ìjẹun kan Jik mọ́ lítà omi tútù mẹ́rin, kí ẹ rẹ wọ́n sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Lẹ́yìn náà, omi tí a ti sè tó ti tutù ni kí ẹ fi ṣàn wọ́n dáadáa, torí Jik tó bá ṣẹ́kù á sọ bíà di olóòórùn ilé ìwòsàn. Ẹ má ṣe po Jik mọ́ ọtí kíkan láéláé, èéfín olóró ló ń mú jáde.

Ìgbésẹ̀ kìíní: rírẹ ọkà

Ẹ gbé omi lítà 15 kaná títí yóò fi dé 71°C. Omi píọ̀ wọ́tà dára. Tó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ ìjọba ni, ẹ pọn ọ́n sílẹ̀ láìdé e mọ́jú kí òórùn oògùn inú rẹ̀ lè lọ. Ẹ pa iná, ẹ tẹ́ àpò aṣọ sínú ìkòkò, kí ẹ máa da ọkà sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹnì kejì ti ń fi ọmọrogùn rò ó kó má baà dì ní kókó. Tó bá ti wọlé tán, ìgbóná rẹ̀ á wálẹ̀ sí bíi 68°C. Ẹ dé e, ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn wé e, ó di wákàtí kan.

Ẹ mú 68 yẹn ní pàtàkì. Tó bá jẹ́ 63 tàbí 64, gbogbo ṣúgà tó máa jáde ni yíìsì máa lè jẹ, bíà á sì fúyẹ́ bí omi. Ní 68, irú ṣúgà kan á wà níbẹ̀ tí yíìsì kò rí jẹ, òun ni yóò jẹ́ kí ọtí ní ara lẹ́nu. Adùn tí a ò rí nínú lactose, ibí la ti rí i. Tó bá kọjá 75, ẹ́ńsáìmù á kú, iṣẹ́ á dúró.

Ẹ lè ra iodine nílé ìtajà oògùn láti fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ kán omi ọkà díẹ̀ sórí àwo funfun, kí ẹ kán iodine lé e. Tó bá dúdú bí aró, sítáàṣì ṣì kù, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 20 sí i. Tí àwọ̀ iodine kò bá yí padà, ó ti jinná nìyẹn. Ẹ da ohun tí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò nù, ẹ má dà á padà sínú ìkòkò.

Ìgbésẹ̀ kejì: sísè

Ẹ gbé àpò ọkà lé orí ajere lókè ìkòkò kó ro, kí ẹ fún un dáadáa. Ẹ má da èèrí rẹ̀ nù. Ewúrẹ́ àti adìyẹ àdúgbò á dúpẹ́. Ẹ wá dáná sí omi ọkà kó hó fún wákàtí kan. Ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí ẹ má kúrò nídìí rẹ̀, torí ìfófòó rẹ̀ á fẹ́ ru dà sórí gáàsì. Tó bá rọlẹ̀, ẹ da gíráàmù 12 hops sí i, èyí tí ìwọ̀n ìkorò tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ (alpha) wà ní bíi 5%. Mo mọ̀ pé àwọn onímọ̀ nílẹ̀ wa ti fi ewúro àti orógbó dípò hops wò, wọ́n sì korò lóòótọ́. Nínú bíà yìí o, òórùn ewé tútù yẹn á bá máńgòrò jà. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ hops.

Bó ti ń hó lọ́wọ́, ẹ gbé gíráàmù 100 ṣúgà sínú ìkòkò kékeré gbígbẹ lórí iná tó kéré. Yóò yọ́, yóò pọ́n, yóò sì dúdú. Ìgbà tí àwọ̀ rẹ̀ bá jọ ti bàbá dúdú gan-an, kó tó máa rú èéfín kíkorò, ni kí ẹ sọ̀ ọ́. Ẹ bu ife omi ọkà gbígbóná kan, kí ẹ máa dà á sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ gbé ojú jìnnà torí yóò ta. Tó bá yọ́ tán, ẹ dà á padà sínú ìkòkò ńlá. Yíìsì á jẹ apá kan nínú ṣúgà yìí, ṣùgbọ́n kò lè jẹ òórùn iná tó wà lára rẹ̀.

Nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ da yíìsì búrẹ́dì ṣíbí kékeré kan sí i. Yóò kú nínú ooru yẹn, ohun tí a sì fẹ́ nìyẹn: ara rẹ̀ ló máa di oúnjẹ fún kveik, tó jẹ́ yíìsì tí ń jẹun púpọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: títutù àti fífi yíìsì sí i

Ẹ gbé ìkòkò pẹ̀lú ìdérí rẹ̀ sínú agbada omi tútù, kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà. Tí ẹ bá ní píọ̀ wọ́tà dídì, ẹ tò ó sí ìta ìkòkò nínú agbada, kì í ṣe sínú omi ọkà. Kveik kò béèrè ju kó tutù dé 35°C lọ, èyí kò sì ní pẹ́. Ẹ rọra da omi ọkà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì láti òkè kó lè gba afẹ́fẹ́, ẹ fi ìsílẹ̀ rẹ̀ (gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀) sílẹ̀ nínú ìkòkò. Tó bá dín díẹ̀ ní lítà mẹ́wàá, ẹ fi omi sísè tó ti tutù kún un.

Ẹ fi háídrómítà wọ̀n ọ́n. Ó yẹ kó wà láàárín 1.046 àti 1.052. Púpọ̀ nínú háídrómítà ni wọ́n ṣe fún omi 20°C. Tí omi ọkà yín bá jẹ́ 30°C, ẹ fi 0.002 kún ohun tí ẹ kà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wọ́n yíìsì sójú rẹ̀, ẹ dé e pa, ẹ ki rọ́bà dírípù bọ inú ihò tí ẹ lu sára ìdérí, kí etí rẹ̀ kejì wà nínú ìgò omi. Gáàsì á máa jáde, kòkòrò kò sì ní rí ọ̀nà wọlé.

Ẹ gbé e síbi tí oòrùn kò dé, torí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń ba òórùn hops jẹ́. Tí òjò bá rọ̀ tí ilé tutù, ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e. Kó tó di ọjọ́ kejì, omi inú ìgò náà á ti máa hó. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: máńgòrò

Rírà rẹ̀ gan-an ni iṣẹ́. Àwọn kan ń fi kábáàdì pọ́n máńgòrò ní tipátipá, àjọ NAFDAC sì ti kìlọ̀ léraléra nípa ewu rẹ̀. Irú bẹ́ẹ̀ á pọ́n yòò lára káríkárí, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ á ṣì le, kò sì ní òórùn. Bíà tí òórùn ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lè fi máńgòrò aláìlóòórùn ṣe. Ẹ ra èyí tó gbó ṣùgbọ́n tí kò tíì pọ́n, kí ẹ tò ó sínú àpò fún ọjọ́ mélòó kan nílé. Tí ẹ bá gbé e sún mọ́ imú níbi ìdí igi rẹ̀ tí òórùn sì ti kún ibẹ̀, ó ti tó. Èyí tí kò ní fọ́nrán púpọ̀ ló dára jù, kí rọ́bà má baà dí nígbà tí ẹ bá ń fa ọtí.

Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ bó o, ẹ gé ẹran ara rẹ̀, ẹ lọ̀ ọ́. Ẹ nílò bíi kílò kan ààbọ̀. Ẹ gbé e kaná kó dé 70°C, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti pa kòkòrò. Kó má hó o. Máńgòrò tó bá hó á di olóòórùn jáàmù, tuntun inú rẹ̀ á sì lọ. Ẹ dé e kó tutù pátápátá, kí ẹ wá dà á sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kejì tó mọ́, kí ẹ fi rọ́bà fa ọtí lé e lórí jẹ́jẹ́, kí ìsílẹ̀ yíìsì wà nínú ti àkọ́kọ́.

Ìdí tí a fi dúró títí di ìsinsìnyí ni pé nígbà tí yíìsì bá ń hó kíkankíkan, gáàsì tó ń jáde ń gbé òórùn èso lọ. Yàtọ̀ sí èyí, ọtí ti wà nínú rẹ̀ báyìí, kò rọrùn fún kòkòrò láti ráyè. Yíìsì á tún jí láti jẹ ṣúgà máńgòrò. Ẹ fún un ní ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀pẹ̀ òyìnbó rọ́pò máńgòrò gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹ́ńsáìmù kan wà nínú ọ̀pẹ̀ tútù tó ń jẹ èròjà tí ìfófòó bíà dúró lé. Òun ní láti hó díẹ̀, kò sí ọ̀nà míì. Àgbálùmọ̀ náà dára, kíkan rẹ̀ bá àlìkámà mu, ṣùgbọ́n ẹ yọ èèpo rẹ̀ tó ní oje lílẹ̀ kúrò.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: àgbọn

Ẹ yan àgbọn rírin nínú ìkòkò gbígbẹ lórí iná kékeré, ẹ máa rò ó títí yóò fi pọ́n bí àkàrà tí gbogbo ilé á sì máa ta sánsán. Ẹ dà á sórí tíṣù, ẹ tẹ̀ ẹ́ kí epo rẹ̀ fà kúrò, ẹ pààrọ̀ tíṣù náà títí kò fi ní mu epo mọ́. Ẹ má kánjú níbí. Epo ni ọ̀tá ìfófòó, bíà àlìkámà tí kò ní ìfófòó kò sì dùn ún wò. Ẹ dì í sínú aṣọ tí ẹ ti sè, ẹ gbé e sínú ọtí fún ọjọ́ méjì, kí ẹ yọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: sínú ìgò

Ẹ fi háídrómítà wọ̀n ọ́n, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà. Tí méjèèjì bá dọ́gba, láàárín 1.010 sí 1.014, yíìsì ti parí iṣẹ́ nìyẹn. Tó bá ṣì ń lọ sílẹ̀, ẹ dúró. Kò sí ohun tó ń fa ìgò bíbẹ́ tó ìkánjú. Agbára rẹ̀ á wà ní bíi 5%. Ẹ tọ́ ọ wò pẹ̀lú: tí òórùn ọtí kíkan bá ti gbà á, tàbí tí awọ kan bò ó lójú, ẹ má dì í sígò.

Ẹ yọ́ gíráàmù 65 ṣúgà nínú ife omi híhó kan, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ dà á sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì mímọ́, ẹ da fànílà tẹ̀lé e, kí ẹ wá fa ọtí lé wọn láìrú ìsílẹ̀ sókè. Ẹ wọn ṣúgà yìí lórí sìkéèlì, ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀.

Fún ìgbà àkọ́kọ́, ike mínírà 50cl ni mo fara mọ́. Ó lágbára, ó sì ń sọ fúnra rẹ̀ bí gáàsì ti pọ̀ tó: tó bá le bíi ti ìgbà tí ẹ rà á, ó ti ṣetán. Ike omi fẹ́lẹ́ kò dára, ìgò pẹlẹbẹ ògógóró náà kò dára. Ìgò bíà tó nípọn pẹ̀lú ìdérí tuntun ṣeé lò tí ẹ bá ní ẹ̀rọ ìdégò. Ẹ fi àyè ìka méjì sílẹ̀ lókè. Ẹ máa rí bíi ike méjìdínlógún.

Ẹ kó wọn sínú páálí nínú yàrá fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ní gbàrà tí wọ́n bá ti le, ẹ kó wọn sínú fíríìjì, ó kéré tán ọjọ́ méjì kí ẹ tó ṣí àkọ́kọ́. Ti ilé nìkan lèyí o. Ẹni tó bá fẹ́ tà á gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé lọ́dọ̀ NAFDAC.

Nígbà tí ẹ bá ń dà á sínú ife, bó bá kù díẹ̀ nínú ike, ẹ yí i pẹ̀lẹ́ kí ìsílẹ̀ rẹ̀ pò mọ́ ọn, kí ẹ dà á tẹ̀lé ti àkọ́kọ́. Kurukuru yẹn ń fi ara kún un. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ rọ ọ́ sára ike kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì mu ún tán láàárín oṣù méjì, torí òórùn máńgòrò ló ń kọ́kọ́ lọ.